Ìyàtọ̀ Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún sí Ataare

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní ìhà Alajue ní Ẹdẹ, àwọn ewéko etí omi a yọ gọngọ, ojú aláìmọ̀ a sì rí gbogbo wọn bákan náà. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ewé ataare lè já tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún wálé. Ohun tí ń ta ni oníṣègùn ń wá, ohun tí ó kan ni a gbé fún un. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ó bá wí pé “irú ewé kan”, tí ó sì dákẹ́, kò lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ewé ataare tò sí apá méjì, ọ̀tún àti òsì. Ti tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún ń yí igi rẹ̀ ká bí àtẹ̀gùn. Igi náà pàápàá a sì máa lọ́. Bí a bá ra ewé ataare lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ a ta síni nímú. Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún kò ní irú òórùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kún fún omi kíkan.

Òdòdó ni ó ń parí àríyànjiyàn. Ti ataare ń yọ ní ìdí, nítòsí ilẹ̀. Ti tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún wà ní ṣóńṣó orí igi, ó funfun, àárín rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Èyí ni Costus afer, tí Ker Gawler fún lórúkọ ní 1823. Ó ní ìbátan kan tí ó jọ ọ́ gidigidi, Costus lucanusianus. Lábẹ́ ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bo orí òdòdó, ti àkọ́kọ́ a máa yọ méjì. Ti èkejì, ẹyọ kan, etí rẹ̀ a sì pọ́n. Kí olùkọ́ tètè fi han àwọn ọmọ: òdòdó náà kì í ju ọjọ́ kan lọ kí ó tó rọ.