Kí Ló Ń Gba Ayò Lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Tó Ti Ń Borí?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kó àwọn ọmọ jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, tiyín ni ọ̀rọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí. Bí ìdíje bá parí nírọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn ọmọ a máa tiro wá sọ́dọ̀ wa ní dìsípẹ́ńsárì, pajápajá mú òmíràn, ọrùn-ẹsẹ̀ òmíràn sì wú. Bí mo ti ń di ẹsẹ̀ fún wọn ni wọ́n ń bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, a fi ayò ogún jù wọ́n lọ kí a tó lọ sinmi, kí ló dé tí wọ́n tún nà wá?” Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti gbà pé wọ́n fi oògùn dí ojú àwọ̀n ni. N kò rí oògùn kankan níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni ètè gbígbẹ, ìtọ̀ tó pọ́n bí omi tíì, àti ọmọ tí kò jẹun láti àárọ̀.

Kì í ṣe àwọn ọmọdé nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣe. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1994, ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Houston Rockets, níbi tí Hakeem Olajuwon ọmọ Èkó wà, fi ayò 20 ṣíwájú Phoenix Suns nígbà tí eré ti wọ ìdá kẹrin. Suns lé wọn bá, a fi àkókò kún eré, Suns sì borí pẹ̀lú 124 sí 117. Ní 1996, Denver Nuggets ní ayò 70, Utah Jazz ní 36, nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Jazz ló borí, 107 sí 103. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ní abala kejì, ayò 71 ni Jazz jẹ, Nuggets sì jẹ 33 péré.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tí kò kan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kúrò. Ẹni tó sábà máa ń ju márùn-ún wọlé nínú mẹ́wàá, bó bá ju mẹ́jọ wọlé ní abala kìn-ín-ní, kò ní pẹ́ padà sí márùn-ún rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí a bá sì jù láti ọ̀nà jíjìn, ayò mẹ́ta ni. Ẹ̀ẹ̀meje péré, ogún ti tán.

Ṣùgbọ́n ara ni ọ̀rọ̀ náà pọ̀ sí jù. Iṣan wa a máa kó ṣúgà pamọ́ láti inú iṣu, ìrẹsì àti ẹ̀bà tí a jẹ, eré sísá àti fífò a sì máa ná an. Òógùn ní tirẹ̀ ń gbé omi lọ. Ọmọ tó wọ̀n kílò 70, bí òógùn bá gba kílò kan àti ààbọ̀ lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wúwo, bọ́ọ̀lù rẹ̀ lè má dé ojú àwọ̀n mọ́, ojú rẹ̀ kò sì ní tètè rí ẹni tó yẹ kó ju bọ́ọ̀lù sí.

Ẹ óò ní ẹgbẹ́ kejì náà ń làágùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ tó ń borí ni olùkọ́ kì í ti í fẹ́ pààrọ̀ ènìyàn. Àwọn márùn-ún kan náà ni yóò fi sílẹ̀, nítorí pé ọwọ́ wọn ń dán. (Ìwà yìí máa ń bí mi nínú.) Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kì í tètè dé ibi tí alátakò wà, ọmọ náà a wá na ọwọ́ dì í mú, rẹfirí a fọn fèrè, ayò ọ̀fẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Bí àlàfo bá sì ti ń kéré, àyà a já, ọwọ́ a le.

Ìsinmi pàápàá ní ewu tirẹ̀. Bí ọmọ bá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, iṣan rẹ̀ á tutù, eré rẹ̀ á sì falẹ̀. Kí ó jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó mu omi, kí ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí ọsàn, ṣùgbọ́n kí ó dìde ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí i kí ó rìn, kí ó sì sáré díẹ̀.

Oúnjẹ gidi, ó tó wákàtí mẹ́ta kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní ìwọ̀n, ẹ wọn àwọn ọmọ kí wọ́n tó ṣeré àti lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ púpọ̀, omi rẹ̀ kò tó. Èyí tó wúwo sí i, ó ti mu àmujù, ìyẹn náà kò dára. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, kí dókítà kọ́kọ́ rí i.

Bí ọmọ bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, ẹ má wo ayò mọ́. Ooru lè pa á. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, kí ẹnì kan máa fẹ́ ẹ, kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ máa da omi náà lọ nínú ọkọ̀. Bí kò bá mọ ara rẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu.