Láti Ligny dé Waterloo: Àgbéyẹ̀wò Ìjà Mẹ́rin tí ó Fòpin sí Ìjọba Napoleon

Bí olóṣèlú kan bá fìdí rẹmi ní Nàìjíríà, àwọn oníròyìn a máa kọ ọ́ pé ó ti pàdé ‘Waterloo’ rẹ̀. Ohun tí gbólóhùn náà ń dọ́gbọ́n sọ ni pé ìjà kan ṣoṣo, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ni ó gba adé lórí Napoleon Bonaparte. Èrò yìí ni àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò. Ìjà mẹ́rin ni ogun oṣù Kẹfà ọdún 1815 ní nínú, inú èyí tí Napoleon fúnra rẹ̀ borí ni ìṣubú rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀.

Napoleon sá kúrò ní erékùṣù Elba ní oṣù Kejì ọdún náà, ó sì wọ Paris ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Prussia, Austria àti Rọ́ṣíà pawọ́ pọ̀ láti bá a jà. Ogun Austria àti ti Rọ́ṣíà ṣì jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ ogun méjì ti wà ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Bẹ́líjíọ̀mù lónìí. Ọ̀kan ni ti Wellington, tí ó kó àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, Nẹ́dálándì àti Jámánì pọ̀. Èkejì ni ti Prussia lábẹ́ Blücher, àgbà ọ̀gágun ẹni ọdún 72. Àwọn méjèèjì lápapọ̀ ju 200,000 lọ. Nǹkan bí 120,000 ni Napoleon kó wá. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí ó kù fún un ni kí ó yà wọ́n nípá, kí ó sì bá wọn jà níkọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, ó gba Charleroi sọdá odò Sambre.

Ní ọjọ́ kejì, ìjà méjì bẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Ligny, Napoleon ṣẹ́gun Blücher. Ẹṣin ọ̀gágun náà kú, ó wó lé e mọ́lẹ̀, díẹ̀ ni ó sì kù kí ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ ẹ́. Ní oríta Quatre Bras, Ney kò lè borí Wellington, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó ráyè ran Blücher lọ́wọ́. Ohun ìyanu ọjọ́ náà ni ti d'Erlon, tí nǹkan bí 20,000 ọmọ-ogun wà lábẹ́ rẹ̀. Àṣẹ kan ní kí ó yà sí Ligny. Bí wọ́n ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn Faransé ẹlẹgbẹ́ wọn rò pé ọ̀tá ni, ìkọlù sì dúró fún ìgbà díẹ̀. Ibẹ̀ ni ìránṣẹ́ Ney ti pè é padà. Kí ó tó dé Quatre Bras, ilẹ̀ ti ṣú. Kò jà níhìn-ín, kò jà lọ́hùn-ún. Ká ní ó kọlu Prussia láti ẹ̀gbẹ́ ni, ó ṣeé ṣe kí ogun Blücher má lè kóra jọ mọ́.

Ọ̀nà tí àwọn ará Prussia gbà fà sẹ́yìn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ìlà-oòrùn ni ọ̀nà ilé wọn, ibẹ̀ ni Napoleon sì rò pé wọ́n forí lé. Ṣùgbọ́n Gneisenau, igbákejì Blücher nínú ètò ogun, darí wọn sí àríwá, sí Wavre, níbi tí wọn kò ti jìnnà sí Wellington. Ọ̀sán ọjọ́ 17 ni Napoleon tó rán Grouchy pẹ̀lú nǹkan bí 33,000 ọmọ-ogun láti lépa wọn. Òjò ńlá sì sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀.

Ní ọjọ́ 18, nǹkan bí 72,000 Faransé dojú kọ nǹkan bí 68,000 ọmọ-ogun Wellington lórí òkè kan lẹ́bàá Waterloo. Nítorí pé ilẹ̀ tutù, àgbá kò ṣeé fà kiri, ìjà kò sì bẹ̀rẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí aago méjìlá ọ̀sán lù. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀, ogun Prussia ti ń ya wọ Plancenoit, lẹ́yìn apá ọ̀tún Faransé. Àwọn ọmọ-ogun tí ìbá fi kọlu Wellington ni Napoleon ń dà síbẹ̀. Nígbà tí ó rán àwọn Ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ gòkè ní ìrọ̀lẹ́, wọn kò tó mọ́. Wọ́n padà sẹ́yìn, gbogbo ogun sì tú.

Ní Wavre, Grouchy ń bá Thielmann jà ní ọjọ́ kan náà. Ó ti gbọ́ ìró àgbá láti Waterloo. Ọ̀gágun Gérard rọ̀ ọ́ pé kí àwọn yà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀, ó ní àṣẹ tí a fún òun ni òun yóò tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ òpìtàn dá a lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi rẹ̀ kò ju ti ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó rán an lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 19, Grouchy borí ní Wavre. Ní òwúrọ̀ yìí kan náà ni ìròyìn Waterloo kàn án lára. Ní ọjọ́ 22, Napoleon gbé adé sílẹ̀ nígbà kejì.