Nígbà Tí Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Kò Tó

Bí ọlọ́pàá, tíṣà tàbí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìjọba bá ṣẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀gá rẹ̀ sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kì í sábà jẹ́ ilé-ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà yóò kọ́kọ́ dé bí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àdéhùn ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú ìjọba máa ń sọ pé kí wọ́n gbé e lọ síwájú onílàjà tí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí. Ẹ má fi onílàjà yìí wé bàbá àgbà tó ń pẹ̀tù sí ìjà tọkọtaya o. Kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń gbọ́ ẹlẹ́rìí, ó ń dájọ́, ìdájọ́ rẹ̀ sì de tọ̀tún tòsì.

Ǹjẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ìdájọ́ náà lè lọ sí ilé-ẹjọ́? Ó lè lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà "ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn", ẹ ṣọ́ra: orúkọ yẹn kò bá èyí mu. Pé ìdájọ́ kò tẹ́ni lọ́rùn kò tó. Kódà, pé onílàjà ṣi òfin túmọ̀ kì í sábà tó. Adájọ́ kì í tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ohun tó ń wò ni bóyá onílàjà gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, bóyá ó ṣègbè, bóyá ó kọjá agbára tí wọ́n fún un, tàbí bóyá ìdájọ́ rẹ̀ tako ìlànà pàtàkì tó ń dáàbò bo ará ìlú.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ wo ìlú Boston. Onílàjà kan gbà pé ọlọ́pàá kan mú èèyàn méjì láìtọ́, ó sì parọ́ mọ́ wọn, títí kan irọ́ tó pa lẹ́yìn tó ti búra. Síbẹ̀, ó ní kí wọ́n kàn dá a dúró fún ọdún kan láìsan owó oṣù, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 2005, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts fagi lé ìdájọ́ náà.

Ní 2017, ọlọ́pàá Boston mìíràn tún dé iwájú ilé-ẹjọ́ kan náà. Wọ́n ní ó fún ẹnì kan lọ́rùn níbi tó ti ń mú un ní 2009, ó sì parọ́ nípa rẹ̀. Onílàjà ní agbára tó lò kò pọ̀ jù, pé kò sì parọ́. Kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n san gbogbo owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Ilé-ẹjọ́ kò yí i padà. Èmi kò rò pé ó rọrùn fún wọn, àmọ́ ohun tí onílàjà bá ti rí nínú ẹjọ́, adájọ́ kò láṣẹ láti tún un wá.

Kí ló dé tí òfin fi di adájọ́ lọ́wọ́ báyìí? Bí gbogbo ìdájọ́ bá ń di ẹjọ́ tuntun, òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé láìṣẹ̀ lè jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ìjọba àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìkan ló ṣe àdéhùn yẹn. Ẹni tó ní wọ́n fún òun lọ́rùn kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pè é, ẹlẹ́rìí lásán ni.