Àpò Wo Ni A Ó Ti Mú Owó Gba Àlejò ní Ṣómólú àti Bàrígà?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ ṣàlàyé lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó yíyá. Ọ̀rọ̀ àlejò ni. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bá fẹ́ kí díẹ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ yọ̀ǹda ara wọn láti máa mú àlejò kiri àdúgbò láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, àpò wo ni ìnáwó rẹ̀ yóò ti jáde?

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni àlejò ń wá wò ní ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe Òkè Olúmọ àti igbó Ọ̀ṣun nìkan ni ènìyàn ń lọ wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí bébà funfun ṣe ń di ìwé, kàlẹ́ńdà àti káàdì ìgbéyàwó, kí ó wá sí Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé. Ní Bàrígà ni CMS Grammar School wà, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní 1859, T. B. Macaulay, bàbá Herbert Macaulay, ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Bàrígà náà ni Ṣẹ́gun Adéfilá ti dá ẹgbẹ́ òṣèré Crown Troupe of Africa sílẹ̀ ní 1996. Ní Akọka, nítòsí wa, ni St. Finbarr's College wà, níbi tí Stephen Keshi ti kàwé kí ó tó gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún wa ní 1994 gẹ́gẹ́ bí balógun agbábọ́ọ̀lù, àti ní 2013 gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni. A kò tí ì sọ ti etí ọ̀sà, àwọn apẹja, àti Afárá Third Mainland tí ó nà lọ lórí omi.

Irú ètò tí a ń sọ yìí ti wà níbòmíràn. Ní 1992, ìyáàfin kan tí ń jẹ́ Lynn Brooks dá ẹgbẹ́ Big Apple Greeter sílẹ̀ ní New York. Ará àdúgbò ni yóò mú àlejò rìn ní àdúgbò ara rẹ̀ bí ẹni ń mú ọ̀rẹ́ kiri. Àlejò kò san owó, ẹni tí ó mú un kiri kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn owó. Ìlú púpọ̀ ní àgbáyé ti kọ́ ọ lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ètò náà kò ní ìnáwó. Ọrẹ tí àwọn ènìyàn àti ilé-iṣẹ́ ń ta ni a fi ń ṣe é.

Àwọn àgbà ní, ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ yóò wọ kẹ̀kẹ́ tàbí dáńfó, yóò ra káàdì sí fóònù, yóò ra omi. Bí kò bá sí ẹni tí yóò san án padà fún un, ní oṣù kìíní yóò fi ẹ̀rín ṣe é. Ní oṣù kẹta yóò máa ní àwáwí. Ní oṣù kẹrin ó lè bẹ̀rẹ̀ sí béèrè owó omi lọ́wọ́ àlejò. Ọjọ́ náà ni ètò wa di iṣẹ́ àgbèrò, orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ sì bàjẹ́. Nítorí náà ni owó ọkọ̀ ṣe gbọdọ̀ wà nílẹ̀ kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ àpò tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń fi pamọ́ lóṣooṣù, owó olówó ni. Owó ìpín àti owó tí a yà sọ́tọ̀ fún yíyáni náà kò ṣeé fọwọ́ kàn. Alága tí ó bá fi owó ìfipamọ́ opó ṣe àlejò, olè ni, bí àlejò tilẹ̀ yìn ín.

Àpò kìíní ni èrè ọdún. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti Íńdíà ní 1912, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe àwòkọ́ṣe ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, là á kalẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ fi ìdá kan nínú mẹ́rin èrè sí owó ìpamọ́. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú àṣẹ olùforúkọsílẹ̀, a lè fi ohun tí kò ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí ó kù ṣe iṣẹ́ àánú. Bí èrè bá jẹ́ ₦2,000,000, ₦500,000 lọ sí ìpamọ́, ó ku ₦1,500,000. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ₦150,000. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ yín gan-an ni kí ẹ ṣí wò, kí ẹ sì bi òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó yín kí ẹ tó náwó. Ìpàdé gbogbogbòò ni yóò fọwọ́ sí i, kì í ṣe ìgbìmọ̀ nìkan. Bí kò bá sí èrè lọ́dún kan, a kò ná.

Ẹ wo bí ₦150,000 ṣe lè tó. Bí àlejò bá ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tí ènìyàn méjì ń mú wọn kiri, tí owó ọkọ̀ ẹnì kan sì jẹ́ ₦2,000, ₦8,000 ni lóṣù, ₦96,000 lọ́dún. Ó ku ₦54,000 fún káàdì fóònù, omi àti àpótí oògùn.

Àpò kejì ni ọrẹ tí kì í ṣe owó. Atẹ̀wé lè tẹ káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé kékeré tí ń júwe ọ̀nà. Aránṣọ lè rán aṣọ ìdánimọ̀. Ẹ kọ iye tí ó tó sínú ìwé, kí a lè dúpẹ́ lọ́wọ́ olóore.

Àpò kẹta ni ìrànlọ́wọ́ láti òde: ìjọba ìbílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tàbí oníṣòwò. Ẹ fún wọn ní rìsíìtì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba owó ẹni tí ó bá ní ṣọ́ọ̀bù òun nìkan ni kí a máa mú àlejò lọ.

Kí owó ètò yìí ní ìwé tirẹ̀, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí akápò sì máa ka ìṣirò rẹ̀ síta ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí a sọ fún àlejò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a kì í gba owó. Kí a sì tọrọ àyè kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán; obìnrin tí ń yan ẹja létí ọ̀sà kì í ṣe ohun ìwòran.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oṣù mẹ́ta àti ènìyàn mẹ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ka iye àlejò tí ó wá àti iye tí ẹ ná, kí ẹ tó fẹ̀ ẹ́ lójú. Àwa tí a ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò yóò fi inú dídùn yẹ ìwé bẹ́ẹ̀ wò.