Ọmọ Tuntun Tó Ń Sùn Jù: Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Táírọ́ìdì Rẹ̀ Wò

Inú ìyá máa ń dùn bí ọmọ tuntun kì í bá ké. Àmọ́ ọmọ tó jẹ́ pé ńṣe là ń jí i kó tó mu ọyàn, tó tún ń sùn lọ kó tó yó, ẹ gbé e wá fún àyẹ̀wò.

Iwájú ọrùn, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, ni táírọ́ìdì wà. Họ́mónù tó ń sun sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú kí ara sọ oúnjẹ di agbára àti ooru, kí egungun sì gùn. Èyí tó jẹ wá lógún jù ni ọpọlọ: láti inú oyún títí di nǹkan bí ọdún 3, họ́mónù yìí ni ọpọlọ fi ń dàgbà. Bí ó bá dín kù, ẹ̀yà ara kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ á tú họ́mónù mìíràn, TSH, jáde láti fi ta táírọ́ìdì jí. Nítorí náà, TSH tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń sọ fún wa pé táírọ́ìdì kò dáhùn.

Nínú 2,000 sí 4,000 ọmọ, a máa ń rí ọ̀kan tí wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn yìí, ìyẹn àìtó họ́mónù táírọ́ìdì. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Lọ́jọ́ ìbí, ara ọ̀pọ̀ wọn á dá ṣáṣá, torí họ́mónù ìyá ṣì wà lára wọn. Ẹ̀yìn náà ni ojú á pọ́n ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ohùn á há, ahọ́n á tóbi, ìdodo á yọ, ara á tutù, ìgbẹ́ á sì nira. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró de gbogbo èyí. Ohun tí ọpọlọ bá ti pàdánù nígbà náà kì í padà bọ̀ sípò tán.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ ti tó fún àyẹ̀wò náà. Láti 1974 ni wọ́n ti ń ṣe é fún ọmọ tuntun ní Quebec, ní Kánádà. Ní Nàìjíríà, kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ń ṣe é, nítorí náà ẹ béèrè.

Oògùn rẹ̀ ni levothyroxine, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi omi ọyàn díẹ̀ pò ó, kí ẹ fi ṣíbí fún ọmọ. Ẹ má pò ó mọ́ wàrà sóyà tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 2 sábà máa ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dàgbà. Bí ó bá ń ṣeré dáadáa, oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin aláboyún, iyọ̀ tó ní áyódìn ni kí ẹ máa rà, torí áyódìn ni táírọ́ìdì fi ń ṣe họ́mónù. Ẹ fi í sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ sì bu ú sọ́bẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná.