Ìtẹ̀ Okùn Fáíbà àti Ìmọ́lẹ̀ tí ó Ń Jò: Àpẹẹrẹ Upper Iweka, Onitsha

Ní Upper Iweka, ní ìlú Onitsha, ni ọ̀nà Owerri ti pàdé ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí Enugu. Ibẹ̀ kò jìnnà sí afárá Odò Ọya tí wọ́n parí ní 1965. Gáréèjì, ìsọ̀ àti òpó wáyà fún mọ́ ara wọn níbẹ̀. Okùn fáíbà tí a bá fà gba irú ibẹ̀ kò lè ṣe kí ó má tẹ̀: yóò yí ìdí òpó po, yóò sì kọ́rọ̀ wọlé. Bí ìtẹ̀ náà bá le jù, oníPOS lè máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nígbà tí kò sí ibi kankan tí okùn já.

Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ni okùn yìí. Ó ní ọkàn, ó sì ní èèpo. Ìmọ́lẹ̀ a máa yára nínú èèpo díẹ̀ ju inú ọkàn lọ, ìyàtọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ó jò. Ní 1966, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Kao àti George Hockham fi hàn pé bí gíláàsì bá mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kao gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Lónìí, okùn tí ó dára ń pàdánù nǹkan bí 0.2 dẹ̀sìbẹ̀lì ní kìlómítà kan. Ìmọ́lẹ̀ yóò ti rin kìlómítà 15 kí ó tó dín sí ìdajì. Wíwé okùn lásán mọ́ ìka ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ iye yẹn lójú kan.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í gbé inú ọkàn nìkan; etí rẹ̀ a máa yọ sínú èèpo. Bí àwọn ọmọ ogun bá tò ní ìbú láti yí igun kan, ẹni tí ó wà lóde gbọ́dọ̀ yára ju ẹni inú lọ kí ìlà má baà wọ́. Níbi ìtẹ̀, etí ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lápá òde ní láti yára ju bí èèpo ti gbà á láyè lọ. Kò lè ṣe é, ó sì yà kúrò. Ìgbì tí ó gùn ni èyí ń ṣe jù, nítorí etí tirẹ̀ yọ jìnnà. Nítorí náà ni òṣìṣẹ́ fi ń wọn okùn ní nánómítà 1310 àti 1550: bí àdánù ti 1550 bá pọ̀ jù, ìtẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe ojú ìsopọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tí ó jò kò ṣègbé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń há okùn, tí ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tí ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó yọ, kí òṣìṣẹ́ lè dá okùn tí ń ṣiṣẹ́ mọ̀ láìgé e. A lè gba ọ̀nà kan náà ti ìmọ́lẹ̀ wọ inú okùn láti ẹ̀gbẹ́. Amí pẹ̀lú lè gba ibẹ̀ jí ọ̀rọ̀ gbọ́, èyí tí ó pọ̀ fún ọjà tí owó ń gba inú okùn kọjá.

Àjọ ITU gbé ìlànà G.657 jáde ní 2006 fún okùn tí ó gba ìtẹ̀. Irú rẹ̀ kan lè yí òbírí tí àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ mílímítà 7.5, nígbà tí 30 ni wọ́n fi ń dán G.652 wò. Ṣùgbọ́n okùn tí a dì pinpin mọ́ irin ṣì ń pàdánù, nítorí àwọn ìtẹ̀ kéékèèké tí ojú kò rí ń ti agbára ìmọ́lẹ̀ kúrò ní ipa rẹ̀. Okùn tuntun dín èyí kù, kò mú un kúrò.