Yíyí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ padà sí oníná

Yíyí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ padà sí oníná ni yíyọ ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù àti táǹkì rẹ̀ kúrò, kí a sì fi ẹ́ńjìnnì oníná àti bátìrì rọ́pò wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Ford ṣe àfihàn F-100 ti ọdún 1978 kan tí wọ́n yí padà báyìí ní Las Vegas. Ẹyọ ẹ́ńjìnnì irú èyí tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 3,900 dọ́là nígbà náà, láìsí bátìrì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdí bátìrì gan-an ni ìnáwó wà. Èyí tí a sábà máa ń gbàgbé ni bíréèkì. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì epo ń fà ló ń mú bíréèkì rọrùn láti tẹ̀. Bí a kò bá fi pọ́ǹpù oníná dípò rẹ̀, bíréèkì yóò le koko lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀.